Ọ̀rá Rere Inú Ẹ̀jẹ̀ Dáhùnsí

Bí ẹrù kan bá wúwo ní wáàfù Àpápá láyé ìgbà náà, tí àyè tí wọ́n fẹ́ gbé e sí sì há, Dáhùnsí ni wọ́n máa ń wá lọ. Kéréènì ló ń wà. Á jókòó sínú yàrá onígíláàsì kékeré tó wà lókè téńté, á na ọwọ́ irin náà sínú ọkọ̀ ojú omi, á fa àpótí ẹrù tó tóbi ju yàrá lọ jáde, á sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́yìn tírélà bí ìgbà tí abiyamọ bá ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Ará Ìjẹ̀bú etí omi ni bàbá rẹ̀, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ló sì ti fẹ́ Avwerosuoghene, ọmọ Ùròbò tó ń ránṣọ lójúlé tó kọjú sí tiwọn. Àwọn ará àdúgbò tí orúkọ yẹn kò yí lẹ́nu wọn ń pè é ní Ìyá Ìyanu, nítorí Ìyanu lorúkọ àkọ́bí wọn.

Dáhùnsí ga, ó gbẹ, ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ohun kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ ń bá a jà lé lórí ni sìgá. Nínú yàrá òkè yẹn, bó bá ti gbé àpótí bíi mélòó kan, á ṣáná sí ọ̀kan. Láàárọ̀, bọ́ọ̀sì ló ń gbé e dé ẹnu géètì. Nírọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì ló ń gbé e padà sílé. Láàárín méjèèjì, ìjókòó ni.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Yínúsà, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní wáàfù kan náà. Nínú ilé wọn, ẹni tó wù láti lọ sí mọ́ṣáláṣí ń lọ, ẹni tó wù láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ. Yínúsà ń kírun, Dáhùnsí wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1983, Yínúsà yà ní Ìjọ́ra Badia láti kí àbúrò bàbá wọn obìnrin, Ìyá Àdùfẹ́, opó kan tó ń ta èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Obìnrin náà ti se ìkọ́kọrẹ́. Yínúsà jẹ ẹ́, ó fọ ọwọ́, ó dúpẹ́, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, bó ṣe ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Wharf Road, ó fọwọ́ di àyà mú, ó sì jókòó ti ògiri kan bí ẹni tó rẹ̀. Kò dìde mọ́. Kò tíì pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá wọn náà ṣe kú, lójijì, nígbà tí òun àti Ìyá Àdùfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jà lórí ilẹ̀ kan tán. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, gbogbo ẹbí ti mọ ilé tí Yínúsà ti jẹun kẹ́yìn. Ràfátù, ìyàwó olóògbé, já gèlè lórí, ó fi di ìbàdí, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àdùfẹ́ ní Badia, ó sì pè é ní orúkọ tí wọn kì í pe ènìyàn lójú. Pa Òdùfúwà, tó jẹ́ olórí ẹbí, pàṣẹ pé ọmọ ilé wọn kankan kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ obìnrin náà mọ́. Dáhùnsí kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ṣíwọ́ yíyà ní Badia ni.

Ọdún 1988 ni nǹkan náà wá sí ọ̀dọ̀ òun alára. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ó ń gun àkàsọ̀ irin kéréènì lọ sókè bó ṣe máa ń gùn ún, nígbà tí ohun kan tẹ̀ ẹ́ láyà bí ẹni gbé àpò símẹ́ńtì lé e. Ó dúró. Ìrora náà gba èjìká òsì, ó sọ̀ kalẹ̀ sí apá, ó yọ sí àgbọ̀n. Òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn etí omi tútù lọ́jọ́ náà. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè, ó rí i pé òun kò lè dé ibì kankan nínú méjèèjì. Ó wé apá mọ́ irin náà, ó dì í mú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń wa tírélà, Anayo, ló wà nísàlẹ̀ tó ń dúró kí wọ́n gbé ẹrù lé ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ẹni tó ń gùn kò gùn mọ́. Òun àti òṣìṣẹ́ kan gun àkàsọ̀ náà bá a, wọ́n fi okùn dè é mọ́ra wọn, wọ́n sì rọra mú un sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

“Dáhùnsí, kí lo mu?” ni Anayo ń bi í.

“Mi ò mu nǹkan kan. Ó jọ pé ohun tó mú Ẹ̀gbọ́n mi náà ti dé.”

Anayo kò dúró wá ọkọ̀ mìíràn. Ó já orí tírélà rẹ̀ kúrò lára ẹ̀yìn tó ń fà, ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó tẹ fèrè láti wáàfù títí dé ilé ìwòsàn kan nínú Àpápá.

Dọ́kítà obìnrin kan ló gbà á níbẹ̀, Dọ́kítà Oghogho, ọmọ Ẹdó tí wọ́n tọ́ ní Èbúté Mẹ́ta, tó ń sọ Yorùbá geerege. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ ọn láyà, wọ́n fún un ní oògùn kékeré kan pé kó fi sábẹ́ ahọ́n. Ìrora náà rọlẹ̀. Dọ́kítà ní ọkàn kò tíì kú níbì kankan, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì í, tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa bàbá rẹ̀, nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nípa sìgá, nípa bó ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó fẹnu kan nǹkan kan, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ní Ìdí-Àràbà.

Kí èsì tó dé, Pa Òdùfúwà ti dé sílé wọn ní Ajégúnlẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Avwerosuoghene.

“Ọwọ́ kan náà ni,” ni bàbá náà wí. “Ọwọ́ tó mú bàbá rẹ, tó mú Yínúsà, ló ń wá ọ kiri. Kí o dìde ká lọ sílé. Wòlíì kan wà létí omi tó mọ irú rẹ̀.”

Ìyàwó Dáhùnsí dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dúró.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ẹ̀jẹ̀ sọ kó tó lọ ibikíbi. If the thing pass doctor, èmi fúnra mi á gbé àpò rẹ̀ tẹ̀ lé yín.”

Bàbá náà wo obìnrin tó dá a lóhùn yìí, ó mu omi tí wọ́n gbé fún un, ó sì lọ.

Nígbà tí èsì dé, Dáhùnsí àti ìyàwó rẹ̀ jọ lọ bá Dọ́kítà, ó sì sọ fún wọn pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

“Ṣé ọ̀rá ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, Dọ́kítà?” ni ó béèrè. “Ẹ wò mí dáadáa. Níbo ni ọ̀rá ọ̀hún wà?”

“Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà lè ní i,” ni Dọ́kítà Oghogho dáhùn. “Àmọ́ tiyín yàtọ̀. Ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ yín ga díẹ̀, kò tó èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù. Èyí tó dára ló kéré. Ó kéré jọjọ.”

“Ọ̀rá kan wà tó dára?”

“Ó wà. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù là ń pe nǹkan náà, ara ò sì lè ṣe aláìní i. Ọ̀kan ń gbé e láti inú ẹ̀dọ̀ kiri gbogbo ara. Bí èyí bá pọ̀ jù, á máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan á máa há, títí dé èyí tó ń bọ́ ọkàn. Èkejì ni à ń pè ní rere. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ṣa èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ, kó sì kó o padà fún ẹ̀dọ̀ láti dà nù. Èyí ni kò tó lára yín.”

“Ọkọ̀ tó ń já ẹrù létí omi lè má pọ̀ jù,” ni Dáhùnsí wí, “àmọ́ bí tírélà ò bá sí láti kó o jáde, wáàfù á dí náà ni.”

“Ó ti yé yín.”

“Ẹ fún mi lóògùn tó máa mú un pọ̀, kí n padà síbi iṣẹ́.”

“Màá fún yín lóògùn fún àyà tó ń dùn yín. Ẹ máa fi ti abẹ́ ahọ́n sínú àpò nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n èyí tó máa mú ọ̀rá rere yẹn pọ̀, mi ò ní tàn yín, n kò ní in nínú ìgò. Sìgá ń pa á, ẹ fi sìgá sílẹ̀. Ìjókòó ń pa á, ẹ máa rìn. Ẹ dín epo díndín kù, ẹ fi ẹja àti ẹ̀wà kún un. Kò ní yára gòkè, kò sì ní gòkè jìnnà. Bó ṣe wù kó kéré mọ, ó lérè.”

Kí Dáhùnsí tó dìde ló béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lórí àkàsọ̀. “Ṣé ohun tó pa ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn?”

Dọ́kítà mi orí. “N kò rí i nígbà ayé rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì yẹ òkú rẹ̀ wò. N kò lè búra. Àmọ́ pẹ̀lú bí ẹ ṣe sọ pé ó kú, òun àti bàbá yín, ọkàn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Irú ẹ̀jẹ̀ báyìí a máa rìn nínú ìdílé. Bí ẹ bá ní àbúrò, ẹ kó wọn wá.”

Bí wọ́n ṣe délé lọ́jọ́ náà, Dáhùnsí kó gbogbo páálí sìgá tó wà nílé, ó rì wọ́n sínú garawa omi ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé, ó sì dúró títí ìwé ara wọn fi wú. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sìgá ṣe parí. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tó fi ń jágbe mọ́ Ìyanu lórí ohun tí kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ kan ní Coconut, níbi tí àwọn onítírélà ń páàkì sí, ó gba sìgá lọ́wọ́ Anayo, ó fà á dé ìdajì kó tó fura pé sìgá ló wà lẹ́nu òun. Ó jù ú nù. Ó lọ ra pákò púpọ̀ lọ́wọ́ ìyá Hausa kan, láti ọjọ́ yẹn lọ pákò kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ìfẹ́ sìgá bá dé, á run ún títí á fi di fọ́nrán.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kó gun kéréènì mọ́. Wọ́n fi í sí ẹnu géètì, kó máa ṣí irin fún tírélà. Ọkùnrin tó ti ń wo gbogbo wáàfù láti òkè wá ń gba èéfín tírélà sí imú. Ó dùn ún, àmọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ni pé, “Ẹ má fún ẹlòmíràn ní àga mi pátápátá. Mo ń padà bọ̀.”

Ó ṣíwọ́ wíwọ bọ́ọ̀sì. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á jáde ní Bándìrì, ní Ajégúnlẹ̀, á fi ẹsẹ̀ rìn gba títì Liverpool, á bọ́ sí Creek Road, títí dé ẹnu iṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, á máa dúró sinmi kiri, á fọwọ́ kan àpò tó fi oògùn abẹ́ ahọ́n sí. Anayo á dẹ eré tírélà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á yọ orí síta: “Dáhùnsí, wọlé jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ máa yọ. Se na punishment?” Dáhùnsí á ju ọwọ́ sí i, á máa lọ. Nílé, Avwerosuoghene dín epo ọbẹ̀ ẹyìn tó máa ń sè kù títí ọbẹ̀ náà kò fi mọ ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n sì jọ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó padà lọ fún àyẹ̀wò. Ó ti dá a lójú pé ẹ̀jẹ̀ òun á ti yí padà. Èsì dé: ọ̀rá rere náà kò sún rárá, ibi tó wà náà ló ṣì wà. Dáhùnsí wo ìwé náà, ó wo Dọ́kítà.

“Gbogbo ìrìn yẹn?”

“Mo sọ fún yín pé kì í yára,” ni Dọ́kítà Oghogho wí. “Àyà yín ńkọ́? Nígbà wo lẹ lo oògùn abẹ́ ahọ́n kẹ́yìn?”

Dáhùnsí ronú, kò rántí. Ó ti pẹ́.

“Ẹ rí i? Ara yín ti ń gbọ́, ìwé ni kò tíì gbọ́. Àwọn àbúrò yín dà?”

Ìbéèrè yẹn ló gbé e lọ sílé àwọn àbúrò rẹ̀. Méjì ni wọ́n. Sùnmọ́nù jẹ́ mẹkáníìkì ní Coconut. Phoebe jẹ́ olùkọ́ ní Ajégúnlẹ̀. Phoebe kò jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́. Sùnmọ́nù rẹ́rìn-ín, ó ní ara òun le bí irin ọkọ̀, àfi ìgbà tí Dáhùnsí lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti òwúrọ̀, tí kò jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́, ló tó tẹ̀ lé e. Ti Phoebe dára. Ti Sùnmọ́nù rí bíi ti Dáhùnsí gẹ́lẹ́: ọ̀rá rere kò tó.

Nígbà tí Dáhùnsí rí ìyẹn, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, ó gba Ìjọ́ra Badia lọ.

Ìyá Àdùfẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èédú rẹ̀, ó ń ṣa wẹ́wẹ́ kúrò nínú ńlá. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun. Dáhùnsí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí ilẹ̀ dúdú náà tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn.

“Ta ló kú?” ni obìnrin náà béèrè.

“Ẹnikẹ́ni ò kú, Màmá. Èmi ni mo fẹ́ẹ́ kú.”

Ó jókòó lórí àpò èédú, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àkàsọ̀ títí dé ẹ̀jẹ̀ Sùnmọ́nù. Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá. Ìyá Àdùfẹ́ kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ẹ̀jẹ̀ ló wá dá mi láre nìyẹn,” ni ó wí níkẹyìn. “Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Màá ṣì jẹ́ àjẹ́, àbí?”

Dáhùnsí gbọn èédú kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, “Màmá, Pa Òdùfúwà fẹ́ pe ẹbí jọ lórí àìsàn mi. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí n sọ ọ́ níṣojú yín.”

“N kò lọ. Ẹnu ọ̀nà mi níbí ni wọ́n ti pè mí lórúkọ burúkú, gbogbo Badia gbọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá mi sọ, ibí yìí ni kó ti wá sọ ọ́.” Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. “Ṣé o ti jẹun?”

“Rárá, Màmá.”

Ó wọlé, ó bu oúnjẹ wá, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì yíjú sápá kan. Dáhùnsí jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ẹbí pé, kò yí ọ̀rọ̀ po. Ó ní òun ti lọ sí Badia, òun sì jẹun níbẹ̀. Ilé dàrú. Pa Òdùfúwà fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ohun tó pa ọmọ wa?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò sọ pé mo mọ ohun tó pa Ẹ̀gbọ́n. Dọ́kítà fúnra rẹ̀ ní òun ò lè búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ tí ẹ ti pàṣẹ títí àìsàn fi mú mi, èmi ò fẹnu kan oúnjẹ Màmá, mi ò sì dé ẹnu ọ̀nà wọn. Síbẹ̀, nǹkan náà wá mi dé orí kéréènì. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Sùnmọ́nù náà, ẹni tí kò tíì ṣàìsàn. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ni, oúnjẹ wo ni àwa jẹ?”

Ràfátù, opó Yínúsà, tó jókòó sítòsí ilẹ̀kùn, ló gbé orí sókè. Kò sọ̀rọ̀ nípa Ìyá Àdùfẹ́.

“Àwọn ọmọ mi ńkọ́?” ni ó béèrè. “Ẹ̀jẹ̀ bàbá wọn ló wà lára wọn.”

“Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn, Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n,” ni Dáhùnsí wí.

Pa Òdùfúwà dìde, ó bá inú bíbí wọlé lọ. Àmọ́ Ràfátù kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ti àkọ́bí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n, kéré bíi ti àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀. Obìnrin náà gba ìwé yẹn, ó jókòó síta ilé ìwòsàn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Dáhùnsí pé kó mú òun dé Badia.

Wọ́n bá Ìyá Àdùfẹ́ níbi tó máa ń wà. Ràfátù kúnlẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Àwọn alábàágbé tó gbọ́ ariwo ọjọ́sí yọ jáde, wọ́n dúró. Ìyá Àdùfẹ́ wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

“Dìde,” ni ó wí. “Èédú á ba aṣọ rẹ jẹ́.”

Dáhùnsí kò dẹ ẹsẹ̀. Nígbà tó tún ṣe àyẹ̀wò, ọ̀rá rere náà ti gòkè díẹ̀. Nígbà tó ṣe òmíràn, ó tún sún sí i. Dọ́kítà ní kò tíì dé ibi tó wu òun, ó sì ṣeé ṣe kó má dé ibẹ̀ láé, nítorí bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣan tó ti ń há kò tún há sí i bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí sì ti tó ọpẹ́. Lọ́dún 1990, dọ́kítà ilé iṣẹ́ wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó sáré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní kó tún un gùn, ó sì fọwọ́ sí i pé kó padà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ dúró wò ó bó ṣe ń gun àkàsọ̀ irin náà lọ. Kò yára, kò sì dúró. Nígbà tó jókòó sórí àga rẹ̀, ó rí omi, ó rí òrùlé Ajégúnlẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fa ẹrù àkọ́kọ́ sókè. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà níbẹ̀, tó tún ń kọ́ àwọn awakéréènì tuntun, òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá nínú yàrá òun.

Sùnmọ́nù ni kò gbọ́ràn tán. Á fi sìgá sílẹ̀, á tún mú un. Á bá wọn rìn lóṣù kan, á sá lóṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1996, ó wà lábẹ́ tírélà ní Coconut nígbà tí ìrora mú un láyà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ gbé e lọ sílé, wọ́n ní kó lọ sùn. Ó di ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn mú. “Ọsibítù,” ni ó wí. “Ẹ má gbé mi lọ síbòmíràn. Ọkàn mi ni.” Ìyẹn ló gbà á là. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ní bó bá jẹ́ pé ó lọ sùn ni, kì bá tí jí mọ́.

Nígbà tó lè jókòó, ẹbí wá kí i. Ìyá Àdùfẹ́ ti dé ná, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, nítorí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni Pa Òdùfúwà, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, jókòó lé. Láti ọjọ́ tí Yínúsà ti kú, àwọn méjèèjì kò tíì wà lábẹ́ òrùlé kan. Nígbà tó yá, bàbá náà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó ti àga náà sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà.

“Ìyá Àdùfẹ́, jókòó,” ni ó wí.

“Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n,” ni ó dáhùn, ó sì jókòó. Bàbá náà fara ti ògiri. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Sùnmọ́nù wo Dáhùnsí láti orí ibùsùn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.”

“Mi ò wàásù,” ni Dáhùnsí wí. “Mo ti bi dọ́kítà léèrè. Bí wọ́n bá dá ọ sílẹ̀, o lè máa rìn dé ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà dé orí títì. Èmi ni màá máa wá mú ọ láràárọ̀. Bí o bá sá, màá wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ.”

“Ẹ máa ṣe é náà ni.”

“Màá ṣe é.”

Ó sì ṣe é. Títí ọdún fi ń lọ sí òpin, àwọn tó ń jí síṣẹ́ ní Bándìrì ń rí wọn láràárọ̀, ẹni gíga kan àti ẹni kúkúrú kan, pẹ̀lú ọmọ Yínúsà tó ti dàgbà tó ń rìn níwájú wọn, tí wọ́n ń gba Liverpool lọ kí oòrùn tó mú.